Ìwé Kùtọnu, owó Kùtọnu, ọ̀nà Kùtọnu: bí a ṣe lè yan yunifásítì fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ ínfọ̀màtíìkì

Ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà kéde pé òun dáwọ́ dúró lórí yíyẹ ìwé-ẹ̀rí yunifásítì Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wò. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kan ò ti kúrò lẹ́nu àwọn òbí ní Kétu àti Àjàṣẹ́: "Wọ́n ní ìwé Kùtọnu ò níyì mọ́." Wọ́n ń sọ ọ́ nínú takísí, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n sì ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tí èsì bac bá wá jáde, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, pàápàá níbi tí ọmọ ti sọ pé ínfọ̀màtíìkì lòun fẹ́ ṣe. Bàbá á ní kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olórúkọ ní Kùtọnu, bí ó bá tiẹ̀ gba kí òun ta ilẹ̀. Ìyá á ní kó lọ síbi tí àbúrò òun ń gbé, kó lè rí ibi sùn. Ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó á ní kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ òun, ó ti parí. Ọmọ fúnra rẹ̀ ti rí ilé-ẹ̀kọ́ kan lórí Facebook tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Kò sí ẹni tó ṣì sọ nínú wọn. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé orúkọ ni bàbá ń wò, owó ni ìyá ń wò, ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ni ẹ̀gbọ́n ń wò, kálukú sì rò pé tòun nìkan ni ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Kí ni ọmọ náà fẹ́ kọ́ gan-an?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú, torí ohun mẹ́ta làwọn èèyàn ń pè ní ínfọ̀màtíìkì lọ́dọ̀ wa. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé etí títì: bí a ṣe ń fi Word tẹ lẹ́tà, bí a ṣe ń fi Excel ṣírò, bí a ṣe ń tẹ̀wé jáde. Oṣù díẹ̀ ni èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n, ó sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Kò nílò yunifásítì, kí òbí má san owó ọdún mẹ́ta fún un.

Èkejì ni wọ́n ń pè ní informatique de gestion. Níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí báǹkì fi ń mọ iye tó wà nínú àpò oníbàárà, èyí tí ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú ìwé aláìsàn, èyí tí oníṣòwò fi ń mọ ọjà tó kù nínú ilé ìkẹ́rù. Wọ́n á da ìṣirò owó àti ọ̀rọ̀ àkóso pọ̀ mọ́ ọn. ENEAM ní Kùtọnu, tó wà lábẹ́ Université d'Abomey-Calavi (UAC), ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yìí, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni náà sì ń kọ́ ọ púpọ̀.

Ẹ̀kẹta ni sáyẹ́ǹsì kọ̀ǹpútà. Ìṣirò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n á kọ́ ọmọ ní algorithm, ìyẹn ìlànà tí a tò ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀ kí ẹ̀rọ lè tẹ̀ lé e láti yanjú ìṣòro kan. Wọ́n á kọ́ ọ bí a ṣe ń to ìsọfúnni kí ẹ̀rọ má baà pẹ́ kó tó rí i, bí àwọn kọ̀ǹpútà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń dí ọ̀nà mọ́ olè. IFRI, ilé-ẹ̀kọ́ ínfọ̀màtíìkì ti UAC ní Calavi, ní ẹ̀ka fún kíkọ ètò kọ̀ǹpútà àti ẹ̀ka fún ààbò rẹ̀. EPAC, nínú ọgbà yunifásítì kan náà, so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ní IMSP ní Dangbo, lókè Àjàṣẹ́ díẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Jean-Pierre Ezin jẹ́ olùdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1988. Ìṣirò àti físíìsì ni ìpìlẹ̀ ibẹ̀. Ọmọ tí ìṣirò bá ń bá jà, kó má lọ fi ara rẹ̀ jìyà níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan, ẹ gbé ìwé máàkì ọmọ jáde, kí ẹ wo ìṣirò ní première àti terminale. Bac C ló bá ẹ̀kọ́ yìí mu jù, D náà ń gbé e dáadáa bí ìṣirò rẹ̀ bá dúró. Mo ti rí ọmọ tó mọ fóònù tú tó sì mọ̀ ọ́n tò, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní "ògbólógbòó kọ̀ǹpútà," tí ìṣirò ọdún kìíní sì gbé ṣubú. Títún fóònù ṣe dára, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni.

Ẹ óò máa gbọ́ LMD pẹ̀lú, ìyẹn ètò oyè yunifásítì. Kò le: lìsáǹsì jẹ́ ọdún mẹ́ta, másítà ọdún méjì lé e, oyè dókítà lẹ́yìn náà. Kírẹ́díìtì (àmì tí wọ́n ń fún ọmọ fún ẹ̀kọ́ tó bá yege) 180 ni ọmọ gbọ́dọ̀ kó jọ kó tó gba lìsáǹsì, 120 sì ni ti másítà. Ọmọ tí kò bá kó o pé lọ́dún kan á máa gbé gbèsè ẹ̀kọ́ yẹn lọ sí ọdún tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni lìsáǹsì ọdún mẹ́ta ti ń di ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí owó sì ń gùn sí i.

"Ìjọba fọwọ́ sí i": sí kí ni?

Ìyá kan láti Kétu, tó ń ta aṣọ, mú ìwé ìpolówó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan wá fún mi lọ́dún kan. Ó ká a sí mẹ́rin nínú àpò rẹ̀. Ó nawọ́ sí ìlà kan nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ "agréé par l'État" sí, pẹ̀lú nọ́ńbà àṣẹ gígùn.

"Ẹ wò ó, wọ́n ní ìjọba fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀yin ìyá, òótọ́ ni. Àmọ́ ṣé ẹ rí ibi tí wọ́n ti sọ pé ìjọba fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń fúnni?"

Ó tún ìwé náà yẹ̀ wò níwájú àti lẹ́yìn. Kò rí i, torí kò sí níbẹ̀.

Ìwé méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní agrément ni àṣẹ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣílẹ̀kùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní homologation ni pé ìjọba ti wo ẹ̀kọ́ kan pàtó, àwọn olùkọ́ rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ó sì gbà pé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹni tó bá san owó àyè lọ́jà ní ẹ̀tọ́ láti pàtẹ gàrí; ìyẹn ò sọ pé ẹnikẹ́ni ti yẹ òṣùwọ̀n rẹ̀ wò bóyá ó péye. Ilé-ẹ̀kọ́ kan sì lè ní homologation fún ẹ̀kọ́ ìṣirò owó kó má ní in fún ínfọ̀màtíìkì. Torí náà, orúkọ ẹ̀kọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá nínú ìwé àṣẹ, ẹ má wá orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan.

Níbi tí kò bá ti sí homologation, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní láti jókòó ìdánwò orílẹ̀-èdè tí ìjọba ń ṣe fún lìsáǹsì àti másítà. Ẹni tó bá yege ni ìjọba á ka ìwé rẹ̀ sí. Èyí kì í ṣe àbùkù, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń yege. Ohun tó burú ni kí òbí má gbọ́ nípa ìdánwò náà títí di ọdún kẹta. Ẹ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Ọmọ mélòó lẹ rán lọ sí ìdánwò orílẹ̀-èdè lọ́dún tó kọjá, mélòó ló sì yege?" Ẹni tó ní èsì tó dáa kì í fi pamọ́.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ yìí ò sí níbẹ̀. UAC ti wà láti 1970, Yunifásítì Parakou láti 2001, UNSTIM sì wà ní Abomey fún ìmọ̀ ẹ̀rọ. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kétu náà, ti ìjọba ni, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ lèèyàn ń lọ kọ́ sáyẹ́ǹsì kọ̀ǹpútà. Mo sọ èyí torí àwọn òbí kan ń béèrè bóyá ọmọ lè ti ilé lọ.

Orúkọ mìíràn tí ẹ óò máa gbọ́ ni CAMES. Àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé nílẹ̀ Áfíríkà ni, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1968, Ouagadougou sì ni olú ilé rẹ̀ wà. Ìwé-ẹ̀rí tí CAMES bá gbà ń rọ ọ̀nà fún ọmọ tó fẹ́ lọ ṣe másítà ní Dákà tàbí Lomé. Nàìjíríà ò sí nínú àjọ náà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ti Nàìjíríà. Ohun tó fa ìkéde yẹn ni ìròyìn kan tí ìwé ìròyìn Daily Nigerian gbé jáde ní ìparí 2023. Akọ̀ròyìn wọn gba ìwé-ẹ̀rí yunifásítì láti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì fi ṣe ìsìnrú ìlú (NYSC, iṣẹ́ ọdún kan tí àwọn tó jáde yunifásítì ń ṣe fún ìlú) ní Nàìjíríà. Ìjọba wọn bínú. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ wọn sọ pé ìwọ̀nba ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ni àwọn á máa gba ìwé wọn. Ọ̀rọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ fi ìwé Kùtọnu wáṣẹ́ tàbí ṣe ìsìnrú ìlú ní ilé rẹ̀ ni. Kò yọ nǹkan kan kúrò lára ìwé ọmọ Ṣábẹ tó ka ọdún mẹ́ta rẹ̀ ní Calavi, tó sì fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Kùtọnu. Ọmọ wa tó bá ní i lọ́kàn láti bá ìjọba Nàìjíríà ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, òun ni kó wádìí bóyá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n gbà. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Yábà l'Ékòó, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ni wọ́n máa ń dán wò.

Ṣé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe nǹkan kan?

Ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ bàbá rò.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń du orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ bí ẹni ń du oyè, onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, Stacy Dale àti Alan Krueger, gbé ìwádìí kan jáde ní 2002. Wọ́n tọpa àwọn tó wọ yunifásítì ní 1976. Tí a bá kàn wo owó oṣù, àwọn tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ń gbà jù. Dale àti Krueger wá fi wọ́n wé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá gbà, tí wọ́n sì fẹsẹ̀ ara wọn lọ sí ibi tí orúkọ rẹ̀ kéré. Ìyàtọ̀ owó oṣù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ọmọ tí orí rẹ̀ pé, tó sì ń forí tì í, ń rí ọ̀nà lọ láti ibi méjèèjì.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn ọmọ tálákà jàǹfààní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá gan-an. Nígbà tí wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn náà, wọ́n rí irú rẹ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn tó wá láti ilẹ̀ àwọn elédè Spain, àti àwọn tí òbí wọn ò kàwé púpọ̀.

Kétu kì í ṣe Amẹ́ríkà, mo mọ̀. Síbẹ̀ ohun tí mo rí nínú rẹ̀ bá ohun tí mò ń rí lọ́dọ̀ wa mu. Ọmọ ọ̀gá báǹkì ní Kùtọnu, kò sí ibi tó kàwé tí bàbá rẹ̀ ò ní í rí ẹni pè. Ọmọ àgbẹ̀ láti Adakplamè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kétu, kò ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni nínú fóònù. Fún irú ọmọ yìí, àwọn tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kíláàsì, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ jáde, olùkọ́ tó lè sọ pé "mo mọ ọmọ yìí, ẹ gbà á," àwọn gan-an ni orúkọ ilé-ẹ̀kọ́. Torí náà, mi ò ní í sọ fún ọmọ tálákà pé kó má wo orúkọ, bí àwọn tó rí já jẹ ṣe máa ń sọ. Kó wò ó jù ọmọ olówó lọ pàápàá. Àmọ́ kó mọ ibi tó yẹ kó ti wò ó.

Kò sí nínú àtẹ ipò àwọn yunifásítì àgbáyé. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní Shanghai láti 2003, bí àpẹẹrẹ, ń ka ẹ̀bùn Nobel àti iye ìwé ìwádìí. Kò sí ibì kan tó ti sọ bóyá olùkọ́ ń wá sí kíláàsì lọ́dún kìíní. Kò sí lára ògiri gíláàsì tàbí ẹ̀rọ amúlétutù náà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ti jáde ló wà. Ẹ wá ọmọ méjì tàbí mẹ́ta tó parí níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá tàbí ọdún tó ṣáájú rẹ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ṣe sìtáàjì (iṣẹ́ ìdánrawò ní ilé-iṣẹ́), ẹni tó wá a fún wọn, àti ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ń fúnra wọn wá sìtáàjì kiri pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́ ò ní orúkọ, ohun yòówù kó wà lára ògiri rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé IFRI tàbí EPAC, fún ọmọ tó bá rọ́wọ́ mú un, ju ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tó gbówó lórí lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti jìjàdù kí wọ́n tó wọlé, ara wọn ni wọ́n ń kọ́.

Èló ló máa ná wa, lódidi?

Ibí yìí làwọn òbí ti ń ṣìṣirò jù, torí iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó nìkan ni wọ́n ń gbé wé ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà àfojúbù kan ṣe é. Ká ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Kùtọnu ń gba 500,000 sẹ́fà lọ́dún. Ọdún mẹ́ta, 1,500,000. Ọmọ ti Kétu wá, ó gba yàrá 15,000 lóṣù. Oṣù 36 jẹ́ 540,000. Oúnjẹ àti owó ọkọ̀, ká fi í sí 30,000 lóṣù fún oṣù mẹ́wàá lọ́dún: 900,000 ní ọdún mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà alágbèéká àlòkù tó ṣeé fi ṣiṣẹ́, 250,000. Íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù, 5,000 lóṣù: 180,000. Àpapọ̀ rẹ̀ 3,370,000 sẹ́fà. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ò tó ìdajì rẹ̀.

Ẹ wá yọ owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò, bí ẹni pé ọmọ náà wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba níbi tí òun ò ti ní í san nǹkan kan. 1,870,000 ló kù. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí láti 2023 jẹ́ 52,000. "Ọ̀fẹ́" tí à ń sọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo owó oṣù ọdún mẹ́ta ẹni tó ń gba iye yẹn, tí kò jẹun, tí kò wọṣọ. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí ní Calavi á yọ yàrá kúrò nínú ìṣirò yẹn, á sì yọ oúnjẹ díẹ̀. Ìyá tó ní kí ọmọ lọ síbi tí àbúrò òun wà ò sọ ọ̀rọ̀ òpè, àfi bí iṣẹ́ ilé ibẹ̀ bá pọ̀ débi pé ọmọ ò ní í lè kàwé.

Nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba pàápàá, ipò mẹ́ta ló wà. Boursier ni ẹni tí ìjọba ń fún lówó. Secouru, tàwọn kan ń pè ní demi-boursier, ni ẹni tí ìjọba ń ṣe ìrànwọ́ díẹ̀ fún. Titre payant ni ẹni tí wọ́n gbà wọlé àmọ́ tó máa san owó. Owó titre payant ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bí IFRI kì í ṣe kékeré. Ọmọ tó sọ pé "wọ́n ti mú mi ní Calavi" ò tíì dáhùn ìbéèrè. Ẹ bi í pé ipò wo.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká yẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Mo rí òbí tó san gbogbo owó ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kó lè gba ẹ̀dínwó, tí kò wá ní owó kọ̀ǹpútà mọ́. Ọmọ náà lo ọdún kìíní ní yíyá ti ọ̀rẹ́ lálẹ́, nígbà tí ọ̀rẹ́ bá sùn. Ọwọ́ ni èèyàn fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Bí ó bá jẹ́ pé owó ò tó méjèèjì, ilé-ẹ̀kọ́ tó rẹlẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà dára ju ilé-ẹ̀kọ́ ńlá láìsí kọ̀ǹpútà. Kò ní láti jẹ́ tuntun. RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 8 GB, SSD (ibi ìpamọ́ tó ń yára), bátìrì tó lè gbé e fún wákàtí mélòó kan nígbà tí SBEE bá mú iná lọ, ó tó. Èyí tí ń tàn yanran tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ wo fíìmù.

Ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ńkọ́?

Ọ̀nà méjì ni èyí gbà kan ọmọ: bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nígbà tó ń kàwé, àti ibi tí iṣẹ́ wà nígbà tó bá ń parí.

Fún ọmọ Àjàṣẹ́, Kùtọnu ò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ. Ó lè máa ti ilé lọ. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ọ̀nà Sèmè láàárọ̀ mọ̀ pé ọgbọ̀n kìlómítà yẹn lè jẹ wákàtí tó yẹ kí ọmọ fi sùn, Calavi sì tún kọjá Kùtọnu. Dangbo ló sún mọ́ ọn jù, bí ìṣirò bá yá a lára. Ọmọ Kétu á gba Pobè àti Sakété wá sí Àjàṣẹ́ kó tó kọjá. Kò sí pé ó ń lọ tó ń bọ̀, ó gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀ ni. Ọmọ Ṣábẹ ló ní ọ̀nà méjì gidi, torí ojú ọ̀nà ńlá tó so Kùtọnu mọ́ Parakou ló wà. Parakou sún mọ́ ọn ju Calavi lọ, IUT ibẹ̀ sì ń kọ́ni ní informatique de gestion. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣábẹ kì í fẹ́ gbọ́ Parakou, Kùtọnu ni ojú wọn wà. Lójú tèmi, fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ó yẹ kí wọ́n rò ó dáadáa.

Ní ti iṣẹ́, Kùtọnu ni. Ibẹ̀ ni àwọn báǹkì ní olú ilé wọn sí, ibẹ̀ ni MTN àti Moov wà, ibẹ̀ ni ASIN wà, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò kọ̀ǹpútà orílẹ̀-èdè. Sèmè City, níbi tí Epitech láti Faransé ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tó kàwé ní Parakou ní láti múra sílẹ̀ láti sọ̀kalẹ̀ wá ṣe sìtáàjì ọdún kẹta ní Kùtọnu, kí ẹ sì ti fi owó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà yẹn sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ á ní íntánẹ́ẹ̀tì ti pa ọ̀rọ̀ ibi rẹ́. Lápá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà CS50 ti yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ tó wà ní Kétu lè wò ó bí ẹni tó wà ní Boston. Ó tún lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sórí GitHub, ojúlé tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń pàtẹ iṣẹ́ wọn, kí ẹni tó wà ní Dákà rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́ni lórí fóònù kì í mú ọmọ lọ rí ọ̀gá báǹkì, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀pọ̀ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, àwa tí a wà lẹ́bàá bodè ní nǹkan kan tí àwọn ará Natitingou ò ní: àwọn ọmọ wa ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà láti kékeré. Kí wọ́n kọ́ kíkà rẹ̀ mọ́ ọn.

Ti ẹ̀gbọ́n Èkó ńkọ́?

Kì í ṣe ìmọ̀ràn burúkú. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lẹ́yìn ìyípadà oṣù kẹfà 2023, sẹ́fà ń ra nǹkan púpọ̀ lọ́hùn-ún, àwọn yunifásítì ìjọba ibẹ̀ sì ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni tiwọn, kì í ṣe mẹ́ta. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á tún béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún (níbí, máàkì tó dáa nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún ìdánwò girama ni, kì í ṣe ti LMD) tó ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò nínú, bac nìkan sì lè má tó láìsí àwọn ìwé mìíràn. Kí ẹ sì fi ìyanṣẹ́lódì kún un: ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba wọn jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá. Ọmọ tó ti kàwé ní Faransé títí dé bac, tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ọjà, á lo ọdún kan gbáko kó tó lè bá kíláàsì rìn. Ìbéèrè mìíràn ni bóyá ìwé yẹn á rọrùn láti lò tó bá padà sí Kùtọnu. Àfi kó lọ ṣe ìwé ìdọ́gba.

Bí mo bá wà nípò yín

Ọmọ tí ìṣirò rẹ̀ dúró dáadáa, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí wọ́n ń jìjàdù wọ̀ ni kó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ lórí apresmonbac.bj, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba fi ń pín ọmọ sí yunifásítì, kó sì fi èyí tó wù ú jù ṣáájú. Kó má jókòó sí sáíbà kí ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà máa bá a yan ẹ̀kọ́. Mo ti rí i níbi tí ẹni náà ń sọ pé "gbogbo èèyàn ló ń fi eléyìí sí ipò kejì," tí ọmọ sì ń mi orí. Kí ẹ ti kọ àwọn ẹ̀kọ́ náà sórí ìwé nílé, ní títẹ̀léra wọn, kí ẹ tó jáde.

Bó bá jẹ́ titre payant ni wọ́n fún un, ẹ fi iye rẹ̀ wé ti aládàáni tó ní homologation, pẹ̀lú yàrá àti oúnjẹ, lódidi ọdún mẹ́ta. Nígbà mìíràn, ti aládàáni tó wà ní Àjàṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé á dín owó kù ju ti Calavi lọ, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá lè fi àwọn tó ti jáde hàn yín. Èyí tí kò bá lè fi ẹnikẹ́ni hàn yín, ẹ má jókòó.

Ọmọ tí ìṣirò rẹ̀ ò dúró àmọ́ tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, informatique de gestion ni kó wò, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó nílò ẹni tó lè mú kí ètò ìṣirò owó wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Kùtọnu ju èyí tó nílò ẹni tó máa ṣe ìwádìí algorithm lọ.

Ohun kan tó kù ni owó ìforúkọsílẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni máa ń fẹ́ kí òbí san gbogbo rẹ̀ kí èsì apresmonbac tó jáde, wọ́n á ní àyè ń kún. Ẹ san ìpín àkọ́kọ́ nìkan bó bá pọn dandan, ẹ gba rísíìtì tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀kọ́ náà sí, kí ẹ sì béèrè lójú wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá wọ́n á dá owó padà tí ọmọ bá wọlé sí ti ìjọba. Tí wọ́n bá ní àwọn ò lè kọ ọ́, ẹ ká owó yín padà sínú àpò títí èsì á fi jáde.